Àkànní, ṣé ò ń kàwé ni àbí ò ń wá nǹkan nínú ẹ̀?

Bàbá mi ló bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ Àìkú kan ní Ọ̀yọ́, nínú pálọ̀ tí aago ara ògiri rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àsìkò láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣú. Glaucoma ni dókítà pè é. Ó ti mú ojú òsì lọ pátápátá, ìwọ̀nba tó kù lójú ọ̀tún kò sì ju èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, tàbí pé ẹnì kan dúró níwájú wọn. Wọ́n ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àwọn tíṣà àtijọ́ mọ̀ pé ó sàn kí ẹ gba àwo ẹran lọ́wọ́ wọn ju kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn lọ. Nígbà tí wọn ò lè kàwé mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá gbogbo èèyàn jà, títí kan rédíò.

Màámi ló pè mí. Wọ́n ní kí n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí n máa kàwé sí wọn létí. Mo ní kò burú. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, mo sì rò pé iṣẹ́ ọmọ dáadáa tó rọrùn jù lọ láyé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Kí n jókòó, kí n kàwé. Ṣé n ò kàwé ni?

Ìwé ìtàn ọdẹ kan ni Bàbá ní kí n mú sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wọ́n ti fi òwú dúdú rán an padà. Irú ìwé tí gbólóhùn kan á bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ewé, tí kò ní sinmi títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀.

Mo kà á dé ojú ewé kẹta. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e sókè ní kíláàsì.

“O fo nǹkan.”

“Rárá o, sà.”

“O fo ibi tó ti kí àwọn àgbà kó tó jáde nílé.”

Mo wo ìwé náà. Ìlà mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí n ò kà. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fò ó. Ojú mi ló ti rí i pé ìkíni lásán ni, pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó bá fò ó dá bí ẹni fo gọ́tà. Ìgbà tí mo padà síbẹ̀ tí mo kà á tán ni Bàbá wá yí ojú wọn tí kò ríran mọ́ sí mi, tí wọ́n fi oríkì mi pè mí, tí wọ́n bi mí bóyá ìwé ni mò ń kà ni àbí nǹkan ni mò ń wá nínú ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí àìsàn yìí ti wọlé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Agbowó, òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá mọ bó ṣe rí: ṣọ́ọ̀bù kan, ṣọ́ọ̀bù kejì, gbogbo wa là ń tẹ̀wé, gbogbo wa là ń ṣe fọ́tòkọ́pì, jẹnẹrétọ̀ gbogbo wa ń ké pọ̀. Láti 2006 ni mo ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìwé títẹ̀ nìkan ló ń mówó wọlé. Wíwá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé pírójẹ́ẹ̀tì dé, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Chapter Two mi ò tíì pé ogún ojú ewé.” Mo ti mọ ohun tó ń wí. Màá ṣí Google, màá tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i, màá ṣí ojú ewé mẹ́wàá pa pọ̀, màá tẹ Control àti F, ọ̀rọ̀ tí a ń wá á yọ pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò lára, màá gbé ìpínrọ̀ tó wà nídìí rẹ̀, ó parí. Mi ò ka ọ̀kankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó ni pírójẹ́ẹ̀tì ò kà á. Ní ti ọ̀gá tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ohun tí mo rò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni oníbàárà mi.

Ẹ ṣe é báyìí fún nǹkan bí ogún ọdún, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí ojú yín máa dà. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, Bàbá ní kí n padà síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ ìyá ọdẹ yẹn. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ìka ọwọ́ òsì mi méjì lọ bà lé etí ìwé, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè díẹ̀, níbi tí Control àti F máa ń wà. Lára ìwé tí wọ́n fi òwú rán!

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀wé kà nígbà kan rí. Ní 2003, mo wà ní Pólí Ìbàdàn, káfẹ́ kan sì wà ní Sángo tí a máa ń sanwó òru mọ́jú níbẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ la ó wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin mọ́ wa, ó di aago mẹ́fà ìdájí. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré tí nọ́ńbà ìwọlé rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn kan ń kọ lẹ́tà sí òyìnbó tí wọn ò rí rí, èyí tí a ò ní sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Èmi, ìwé ni mò ń wá. Ojú ewé kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin kó tó ṣí. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, á máa sọ̀kalẹ̀ ní ìlà ìlà láti òkè bí aṣọ òkè tí wọ́n ń tú. Bó bá wá ṣí tán, ta ló fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ wéré? Mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rà á nínú òru tí mo sanwó rẹ̀. Màá kà á látòkè délẹ̀, dé orí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Bó bá dùn mọ́ mi, màá kó o sínú dískẹ́ẹ̀tì, bí owó bá wà, màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Páálí kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tó kún fún àwọn bébà wọ̀nyẹn. Bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń gbéra. Bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ. Ogun Kírìjì. Ẹ jí mi lóru, màá sọ fún yín pé 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, pé 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, láìwo ibì kankan. Ẹ wá bi mí léèrè ohun tí mo wá fún oníbàárà mẹ́tàdínlógún lánàá. Mi ò rántí ẹyọ kan, àfi ti obìnrin tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lé eku kúrò nínú ẹ̀rọ amóhuntutù. Ìyẹn, n ò lè gbàgbé ojú ẹ̀ ni.

Nígbà yẹn, wíwá ló wọ́n. Bí èèyàn bá rí nǹkan tó wá, ó ti ṣe wàhálà lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní fi ṣòfò. Lónìí, mo lè ṣí ogójì ojú ewé kí omi tó hó. Kí ni máa jókòó ti ọ̀kan fún nígbà tí mọ́kàndínlógójì ń dúró dè mí?

Ká má purọ́ ṣá o. Ká má ṣe bí ẹni pé ìran tiwa kàwé títí tí ìwé fi kú sí wa lọ́wọ́. Ọkùnrin kan máa ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi, láàárọ̀ ẹ ó rí i tí ogún èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àtẹ rẹ̀. Àkọlé ni wọ́n ń kà, torí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí inú gbọ́dọ̀ sanwó. Pẹ̀lú àkọlé yẹn náà ni wọ́n á fi jà lórí ìjọba di aago mẹ́wàá. Àwọn tó ń ka òkè ohun gbogbo ti wà kí Google tó dé. Ohun tó yí padà ni pé èmi ò sí lára wọn nígbà yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo délé, mo wá ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo lọ wá a lórí Google pé kí ló ń ṣe mí. Kí n tó sùn, ojú ewé mẹ́rìnlá ló wà ní ṣíṣí.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nicholas Carr ti kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan sínú ìwé ìròyìn The Atlantic ní 2008, tó ń béèrè bóyá Google ń sọ wá di òmùgọ̀. Ó ní òun ò lè jókòó ti ìwé mọ́ bíi ti àtijọ́. Mo ka ìpínrọ̀ mẹ́rin, mo ní mo ti mọ ibi tó ń lọ, mo bọ́ sórí òmíràn. Ọkùnrin náà ń ké pé òun ò lè ka nǹkan gígùn tán mọ́, èmi ò sì lè ka igbe rẹ̀ tán.

Èyí tó mú mi dúró díẹ̀ ni ti Jakob Nielsen. Ní 2006, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹyinjú wo bí èèyàn 232 ṣe ń ka ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú wọn á tọ ìlà òkè láti òsì dé ọ̀tún. Á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á tún lọ sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, etí òsì ló máa ń tọ̀ lọ sílẹ̀, kò ní yà síbì kankan mọ́. Bí ẹ bá ya ipa ọ̀nà ojú yẹn, lẹ́tà F ni. Mo bá ronú sẹ́yìn sí ìlà mẹ́sàn-án tí mo fò fún Bàbá. Ìsàlẹ̀ ojú ewé ló wà, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láàárín, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ti Betsy Sparrow, Jenny Liu àti Daniel Wegner ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ògòǹgò. Ní 2011 ni wọ́n gbé e jáde nínú Science, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa tẹ gbólóhùn kéékèèké sínú kọ̀ǹpútà, irú bíi pé ojú ògòǹgò tóbi ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kọ̀ǹpútà náà á tọ́jú ohun tí wọ́n tẹ̀, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé yóò pa á rẹ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé yóò pa rẹ́ ló rántí jù. Ó yé mi láìsí àlàyé. Kí ni mo fẹ́ fi orí gbé ẹrù sí nígbà tí kẹ̀kẹ́ wà nílẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi búra, torí nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn tún ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò tó wà nínú iṣẹ́ yẹn ṣe, tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2018, kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Kì í ṣe ti ògòǹgò ni wọ́n tún ṣe.

Gloria Mark tún wà níbẹ̀, ní Yunifásítì California ní Irvine. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó lórí ohun kan lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fò sórí òmíràn. Ní 2004, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni. Nígbà tó fi máa di ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti já sí ìṣẹ́jú-àáyá 47. Mo fi aago fóònù wọn ara mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. N ò ní sọ iye tí mo rí, torí ìyàwó mi ń ka ibí yìí.

Kò sì yẹ kí n gbàgbé pé ọgbọ́n ńlá ni ọgbọ́n wíwá yẹn. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní 1998, ohun tí wọ́n rí ni pé ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ojú ewé mìíràn bá ń tọ́ka sí ló yẹ kó wà níwájú. Bí ẹ bá wọ ìlú àjèjì tí ẹ ń wá oníṣègùn, ẹ ò ní lọ sílé ẹni tó pariwo jù. Ilé tí gbogbo èèyàn ń júwe lẹ ó lọ. Ó dára. Wọ́n júwe ilé fún wa, a lọ, a kan ilẹ̀kùn, a bá onílé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2024, ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ fúnra rẹ̀ ti ń jáde sókè gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń júwe ilé ti ń dáhùn fún onílé. Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n máa ń ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gúgù ẹ̀, ẹ ṣí méjì mẹ́ta ká wò” ti dín kù. “Ẹ dà á kọ látòkè ibẹ̀ yẹn” ni wọ́n ń wí báyìí. Èmi náà ń dà á kọ. Ibi tí mò ń dà á kọ sí ni owó iléèwé ọmọ mi ti ń jáde.

Ọmọ yẹn náà ní tiẹ̀. Kíláàsì JSS 2 ló wà. Tíṣà Yorùbá wọn ní kí wọ́n lọ ṣàlàyé oríṣi ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń lò. Ó gbé fóònù ìyá ẹ̀, ó tẹ oko, láìsí àmì kankan. Kí lẹ rò pé ó jáde? Oko tí wọ́n ń dá. Ọkọ tí wọ́n ń fẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Bí ẹ bá ní sùúrù tó, òkò tí wọ́n ń jù náà á dé. Ọmọ náà kò bínú, kò sì yà á lẹ́nu. Ó pa á rẹ́, ó béèrè nípa ọkọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó rí ìdáhùn, ó wá jókòó, ó ń túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọkọ́ tí wọ́n ń lò nílẹ̀ China. Ọkọ́ bàbá bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ní Ọ̀yọ́. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí kọ́ mi ní nǹkan kan tí n ò retí. Nínú àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé jọ ń lò, ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, é tó ní àmì lókè ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní méjèèjì kò ní. A gbọ́dọ̀ to àmì òkè lé ẹ lórí lọ́tọ̀ ni. Ọ̀nà tí èèyàn fi ń tò ó sì pọ̀: ẹlòmíràn á mú é, á wá àmì ìsàlẹ̀ fún un, ẹlòmíràn á fi ìlà sábẹ́ e lásán. Lójú wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè di ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọn ò mọra wọn rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe Yorùbá máa ń gbé pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá bá mi. Ọ̀rọ̀ á wà níwájú mi gbangba, màá tẹ Control àti F, kọ̀ǹpútà á ní kò sí. Kí ni mo lè ṣe? Màá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, màá máa kà á bọ̀.

Èyí ló jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá ní Agbowó, pírójẹ́ẹ̀tì Yorùbá nìkan ni mò ń kà tán. Mo mọ orúkọ ẹja inú odò Ògùn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sun ìjálá. Mo mọ oríkì ìlú mẹ́rin tí n ò dé rí. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ àti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń wá ò tètè yọ, ni mo bá ń pàdé àwọn wọ̀nyí lójú ọ̀nà.

Mo sọ èyí fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá sọ̀rọ̀ nípa àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ babaláwo. Alàgbà ìjọ ni Bàbá, wọn kì í sábà dá a lẹ́nu. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, kí àwọn lè gbọ́. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò kò ní sọ ohun tó ń dùn ún fún babaláwo. Owó ni yóò sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ á balẹ̀, odù kan á yọ nínú 256, babaláwo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ rẹ̀. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Babaláwo kò mọ èyí tí yóò bá a mu. Ẹni tó ni ọ̀ràn ló máa jókòó, á máa gbọ́ títí yóò fi gbọ́ èyí tó jọ tirẹ̀, á wá ní kó dúró níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, n ò sí lára àwọn tó máa ń sọ lórí Facebook pé Yorùbá ló ṣe kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ohun tó wọ̀ mí létí ni pé wíwá nìyẹn náà. Ẹni yẹn wá nǹkan, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibi tirẹ̀, ó ti gbọ́ ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó ti gbọ́ ti ẹni tí kò rúbọ tí òjò wó ilé rẹ̀, ti ẹyẹ, ti ìjàpá, tí ìkankan wọn kò kàn án. Ó ru wọ́n lọ sílé.

“Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?” ni Bàbá wí. “N ò tiẹ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Mẹ́ta nínú àwọn ẹsẹ yẹn ṣì wà lórí mi títí dòní.” Wọ́n ki ọ̀kan fún mi. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, tiwọn ti aṣọ alàgbà lọ́rùn. Màámi kígbe láti kíṣìnnì pé ṣé Bàbá mọ̀ pé fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Fèrèsé kọ́ ni ìṣòro Màámi gan-an, fóònù mi ni. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á sọ ọ́ sínú ike gààrí ńlá tó wà ní kíṣìnnì, wọ́n á dé e. Á máa gbọ̀n nínú gààrí ní gbogbo ọ̀sán, bí eku tó há. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, itan mi ń gbọ̀n nínú pálọ̀ níbi tí kò sí fóònù. Mo ń yọwọ́ sápò lẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ka ojú ewé mẹ́fà ní wákàtí méjì. Ohùn mi há. Mo bínú sí ẹni tó kọ ìwé náà pé kí ló dé tí kò kúkú sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo kan ọ̀rọ̀ kan tí n ò mọ̀: ìràwé. Mo dúró.

“Kí ni ìràwé, sà?”

“Máa kà á lọ.”

“Sà, kò yé mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú fóònù wá, kí n wò ó kíákíá.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Bàbá wí. “Mo ní kó o máa kà á lọ.”

Mo kà á lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìlà mẹ́rin sí ìgbà náà, ọdẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìràwé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó dún, etí ẹran dìde, ẹran sá. Ewé gbígbẹ. Ewé tó ti wọ́ sílẹ̀ láti ara igi. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara mi, nínú pálọ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé orí rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé ìlà mẹ́rin ló kù.

N ò ní sọ fún yín pé mo ti sàn. Agbowó ni mo padà sí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì tún ṣí ojú ewé mẹ́wàá mẹ́wàá. Kódà bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti lọ wò bóyá ọdún tí mo kọ fún ogun Kírìjì tọ̀nà, ó sì tọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a ti ka ìwé yẹn tán, èmi àti Bàbá. Oṣù márùn-ún ló gbà wá. Lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀, wọ́n ní kí n padà sí ojú ewé kìíní.

Ó ti ń lọ sí aago méje nígbà tí Màámi ṣí ike, tí wọ́n fi ìdí aṣọ nu gààrí kúrò lójú fóònù, tí wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Oníbàárà kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe Chapter Two yẹn fún mi kó tó di ọ̀la. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù, ọ̀gá wa kì í kà á.”